Bí Ẹ Ó Ṣe Bá Onílé Lò ní Ìlú Ọba: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Abẹ́òkúta Tó Ń Lọ Gba Ilé

Ní Abẹ́òkúta, a mọ bí a ti ń gba ilé. Ájẹ́ntì á mú yín yí Ọbáńtokò ká títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ẹ ó san owó ọdún kan, nígbà mìíràn méjì, ẹ ó san ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù, ẹ ó sì san kọ́ṣọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fojú kàn mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di ti ẹnu. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ ó lọ kí Baba Onílé láàárọ̀, ẹ ó béèrè àlàáfíà ara àti ti àwọn ọmọ, kí ẹ tó fọgbọ́n mú ọ̀rọ̀ òrùlé wọlé. Bí owó ilé bá falẹ̀, ẹ lè rán àgbà àdúgbò kan kó bá yín bẹ̀ wọ́n.

Ìwà yìí kò burú, àmọ́ ẹni tó bá gbé e lọ sí Ìlú Ọba láìfi nǹkan mìíràn kún un yóò jìyà. Níbẹ̀, ìwé ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnu àti àgbà ń ṣe níbí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀rí, ẹ má sì bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí òfin ti fún yín. England ni mo máa bá lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ọ̀sì wa ń forí lé. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní òfin ilé tiwọn, ẹ má gbé ti England lọ bá wọn.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́

Ẹ má jókòó sí Pánṣẹ́kẹ́ kí ẹ máa san owó ilé tí ẹnikẹ́ni kò bá yín fojú rí. Ọgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ orí Facebook àti Gumtree (ìkànnì ìpolówó kan níbẹ̀) kò tiẹ̀ le: fọ́tò tó ń dán, owó tó kéré sí ti àwọn ilé yòókù ládùúgbò, àti onílé tó ní iṣẹ́ ti gbé òun lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, pé bí owó bá ti wọlé, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ara ìpolówó ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti jí fọ́tò náà.

Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ará mọ́ṣáláṣí nílùú yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ wò ó. Bí kò bá sí, kí onílé pè yín lórí fídíò, kì í ṣe kó fi èyí tó ti ká sílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ ní kó ṣí ẹ̀rọ omi kí ẹ rí i tó ń dà, kó ṣí fèrèsé, kó wá jáde sí ẹnu ọ̀nà kó fi nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà hàn yín. Onílé gidi lè kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣe é. Gbájúẹ̀ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. (Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Manchester wá burú ju ti Ìtokò lọ!) Bí ara bá ṣì ń fu yín, ẹ lọ sórí ìkànnì HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ilé àti ilẹ̀. Wọ́n á gba £7 lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì fi orúkọ ẹni tó ni ilé hàn yín, bí ilé náà bá wà nínú ìwé wọn. Bí orúkọ yẹn kò bá bá ti ẹni tó fẹ́ gba owó mu, ó ní àlàyé láti ṣe.

Bó bá ṣe é ṣe, ẹ wá ibi tí ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ méjì kan dúró sí lẹ́yìn tí ẹ bá dé, kí ẹ wá fẹsẹ̀ ara yín wá ilé. Ó lè dà bí owó àsọnù, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí gbájúẹ̀ máa gbà.

Owó tí wọ́n lè gbà, àti èyí tí wọn ò gbọdọ̀ gbà

Ibí ni inú àwọn èèyàn wa ti máa ń dùn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Tenant Fees Act ti ń ṣiṣẹ́ ní England. Kò sí owó àgírímẹ́ǹtì níbẹ̀, kò sí kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́rùn ayálégbé, kò sí owó pé ájẹ́ntì mú yín lọ wo ilé, kò sì sí owó pé wọ́n ń yẹ ìwé yín wò. Ájẹ́ntì tó bá bu irú owó bẹ́ẹ̀ fún yín ti rú òfin.

Àwọn owó tí ẹ máa san kí ẹ tó kó wọlé kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni owó tí wọ́n fi ń di ilé mú fún yín, kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìkejì ni dìpọ́síìtì, ìyẹn kọ́ṣọ̀n tiwọn. Bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000, dìpọ́síìtì kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ìkẹta ni owó ilé fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí owó ilé bá jẹ́ £900 lóṣù, ọdún kan jẹ́ £10,800. Ẹ pín in sí ọ̀nà 52, ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ £207.69. Dìpọ́síìtì kò gbọdọ̀ ju £1,038.46 lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú £1,800 wá, ẹ fi ìṣirò yìí ránṣẹ́ sí i, ẹ má bínú, ẹ má sì ṣàlàyé púpọ̀.

Ohun tó máa ń dá àwọn èèyàn wa dúró jù ni ọ̀rọ̀ oníduùró. Ọ̀pọ̀ onílé fẹ́ ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó máa fọwọ́ sí i pé bí ẹ ò bá san owó ilé, òun á san án. Bàbá yín tó ní ilé mẹ́ta sí Ìbarà kò wúlò fún wọn, torí yóò ṣòro fún wọn láti mú un dé kóòtù. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, kò sí oníduùró? Ó dáa, ẹ kó owó oṣù mẹ́fà kalẹ̀. Àwa tí owó ọdún kan ti mọ́ lára kì í tiẹ̀ rí i bí ìyà. Òfin tuntun, Renters' Rights Act, tó di òfin ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, fi òpin sí i. Fún ilé tí ẹ bá gbà láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, onílé kò gbọdọ̀ gba owó ilé kankan kí ẹ tó fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì. Bí ẹ bá sì fọwọ́ sí i tán, owó oṣù kan péré ló lè béèrè kí ẹ tó kó wọlé. Ilé ńlá tí iléeṣẹ́ kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, tó wà lábẹ́ ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí, kò sí nínú èyí, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé wọn dáadáa. Òfin kan náà ní wọn ò gbọdọ̀ gba iye tó ju èyí tí wọ́n kọ sí ìpolówó lọ. Bí ájẹ́ntì bá ń sọ pé ẹnì kan ti fẹ́ fi £50 lé e, ẹ má fi kún un.

Oníduùró ṣì lè jẹ́ dandan o. Ẹ béèrè ní yunifásítì yín, torí àwọn kan máa ń dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá. Nọ́ọ̀sì tó ní lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ lọ́wọ́, tí iye owó oṣù wà nínú rẹ̀, kó tètè fi hàn. Bó bá sì jẹ́ ìbátan yín ló fẹ́ dúró fún yín, ẹ jẹ́ kó ka ìwé náà dé ìlà ìkẹyìn. Gbèsè gidi ló ń fọwọ́ sí yẹn, wọ́n sì lè tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹni tó ń lọ ibòmíràn, ní kúkúrú: ní Ontario ní Kánádà, owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù ìkẹyìn ni onílé lè béèrè, kò sí kọ́ṣọ̀n fún ohun tí ẹ bá bà jẹ́. Ní Jámánì, dìpọ́síìtì lè tó owó oṣù mẹ́ta (láìka hítà àti omi mọ́ ọn), ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Jámánì yìí kan náà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, onílé ló sì máa fún yín ní ìwé tí ẹ máa mú lọ. Onílé tó bá ní òun ò lè fún yín ní ìwé yẹn, ẹ wá ilé mìíràn.

Kóòdù tí onílé máa béèrè

Ní England, onílé gbọ́dọ̀ rí i dájú pé gbogbo àgbàlagbà tó máa gbé ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbẹ̀. Right to Rent ni wọ́n ń pè é. Kò fi hàn pé ó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ọmọ onílẹ̀ náà ń fi páṣípọ́ọ̀tù tiwọn hàn. Ẹ̀yin tí físà yín wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì á wọ àkáǹtì UKVI yín (UKVI ni ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó físà), ẹ ó gba share code, ìyẹn kóòdù tí onílé máa fi yẹ ẹ̀tọ́ yín wò, tó fi lẹ́tà R bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fún onílé pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín. Ọ̀fẹ́ ni. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, bó bá kú, ẹ gba òmíràn. Ẹ má fi páṣípọ́ọ̀tù yín sílẹ̀ sọ́wọ́ onílé kankan lórúkọ pé ó ń bá yín tọ́jú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ ilé wa ló ní yàrá

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú gúrúùpù WhatsApp á sọ pé ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjẹ̀bú tàbí láti Ẹ̀gbá níbí ní yàrá kan tó ṣófo, £500 lóṣù, kò sí wàhálà ìwé. Gbólóhùn “kò sí wàhálà ìwé” yẹn ni kó jí yín lójú oorun.

Bí ẹ̀gbọ́n yìí bá ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú yín, tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ẹ̀tọ́ yín kéré gan-an. Òfin kò ní kó fi dìpọ́síìtì yín pamọ́ síbi tí ìjọba fọwọ́ sí, ó sì lè ní kí ẹ jáde lẹ́yìn ìkìlọ̀ tó mọ níwọ̀n, láìgba kóòtù kọjá. Bó bá sì jẹ́ pé ayálégbé lòun náà, tí onílé rẹ̀ ò mọ̀ pé ó ń fi yàrá háyà, ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa jáde. Bí èèyàn márùn-ún tí kì í ṣe ìdílé kan náà bá kún inú ilé ọ̀hún, ó yẹ kó ní láísẹ́ǹsì láti ọwọ́ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ káńsù bóyá ó ní in.

Mi ò ní kí ẹ má gbé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé tó tura jù tí ẹ máa gbé, ibi tí wọn ò ní yínmú sí òórùn irú. Ẹ máa pè é ní ẹ̀gbọ́n, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé. Ojú ìwé kan tó: orúkọ yín méjèèjì, àdírẹ́sì, iye owó, ohun tó wà nínú rẹ̀ (iná, gáàsì, íntánẹ́ẹ̀tì), iye ọjọ́ ìkìlọ̀, àti iye dìpọ́síìtì. Ẹ san owó láti àkáǹtì sí àkáǹtì, kí ẹ kọ “rent” síbẹ̀. Òun náà gbọ́dọ̀ wo share code yín. Ẹ tún béèrè bóyá orúkọ yín lè wà lórí ìwé kan nínú ilé, torí báńkì lè béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì, àgírímẹ́ǹtì tó ní orúkọ yín á sì gbà yín lọ́wọ́ ìrìn púpọ̀.

Bó bá ní “àbí o ò fọkàn tán mi ni?”, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ báńkì ni.

Ọjọ́ tí ẹ máa kó wọlé

Kí ẹ tó tú báàgì, ẹ mú fóònù. Ẹ ya mítà iná, ti gáàsì àti ti omi bí wọ́n bá wà, kí nọ́ńbà inú rẹ̀ hàn gbangba. Ẹni tó ti jogún gbèsè NEPA ayálégbé tó kó jáde ṣáájú rẹ̀ ní Lafẹ́nwá kò nílò àlàyé. Lẹ́yìn náà, ẹ ká fídíò gbogbo yàrá: inú kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú ààrò, ojú kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ájẹ́ntì nípa ímeèlì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé tó to gbogbo ẹrù inú ilé àti bó ṣe wà, ẹ má kàn fọwọ́ sí i. Ibi tí wọ́n bá kọ “dáadáa” sí ohun tó ti fọ́, ẹ tún un kọ.

Ìwé tí ẹ máa gbà: ti gáàsì, tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lọ́dọọdún, ti wáyà iná, ọdún márùn-ún-márùn-ún, àti EPC, tó ń fi lẹ́tà A sí G sọ bí ilé ṣe ń mú ooru dúró. Ilé tí lẹ́tà rẹ̀ bá wà lábẹ́ E, onílé kò lè fi háyà àfi bó bá ní ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ wo lẹ́tà yìí dáadáa. Ilé tí owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ C lè dín lówó ju èyí tó pọ́ọ́kú tí gáàsì máa jẹ yín run ní oṣù Kìíní.

Dìpọ́síìtì ńkọ́? Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, onílé gbọ́dọ̀ fi í sí ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta: Deposit Protection Service, MyDeposits tàbí Tenancy Deposit Scheme. Ẹ wọ ìkànnì wọn, ẹ wá orúkọ yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, kóòtù lè ní kí onílé san owó náà fún yín ní ìlọ́po kan sí mẹ́ta.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

Ọmọbìnrin kan láti Àdìgbẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe ìyá rẹ̀ sílé nígbà òtútù pé hítà ti kú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ní, “Ṣé o ti lọ bẹ̀ wọ́n? Lọ kúnlẹ̀, sọ pé ọmọ rẹ ń wúkọ́.” Ọmọ ní òun ti pe onílé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, onílé sì ní òun ń bọ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ó pè é, yàtọ̀ sí ẹnu rẹ̀.

Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́: “Láti ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, hítà kò gbóná. Mo wo bọ́ílà, iná pupa ń tàn lára rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ọmọ kékeré wà nínú ilé. Ọjọ́ wo ni ẹ máa rán ẹni tó máa tún un ṣe wá?” Ó tán. Ẹ má kọ pé ẹ máa bínú sí mi sà, ẹ má ṣàdúrà fún un, ẹ má ròyìn bí ọ̀sẹ̀ yín ṣe rí. Ìbéèrè tó ní ọjọ́ nínú ló ń fi agbára fún yín. Bó bá pè yín dípò kó kọ̀wé, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi ímeèlì tẹ̀ lé e: gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lórí fóònù lónìí, ẹ ní ọjọ́rú lẹ máa wá.

Hítà, omi gbígbóná, páìpù, wáyà, òrùlé àti ògiri jẹ́ ẹrù onílé lábẹ́ òfin ọdún 1985, kò sí ohun tó lè kọ sínú àgírímẹ́ǹtì tó máa yí i padà. Bó bá dákẹ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka ètò ìlera àyíká ní káńsù, wọ́n lè wá wo ilé kí wọ́n sì pàṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má dá owó ilé dúró láti fi jẹ ẹ́ níyà. Ìyẹn ló máa ń fún onílé ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró ní kóòtù.

Èbu dúdú tó máa ń hù sára ògiri ló máa ń fa ìjà jù. Onílé á ní oúnjẹ yín ló fà á, pé ẹ ń se nǹkan púpọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹ̀wà tó ń hó fún wákàtí méjì nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ tì pa á mú ògiri tutù. Nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù ilé ìdáná. (Bí ata díndín bá mú ẹ̀rọ èéfín ké, ẹ gbá a ní afẹ́fẹ́, ẹ má yọ bátìrì rẹ̀.) Bí èbu bá ṣì ń padà wá, ilé ló ń ṣàìsàn. Ẹ má gbà kí wọ́n kàn kùn ún ní ọ̀dà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì tí òbí rẹ̀ ti Sudan wá, kú ní Rochdale. Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ ní ọdún 2022 pé èbu inú ilé wọn ló bà á ní èémí jẹ́, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn léraléra. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé ìjọba láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Ẹ̀rù físà

Onílé kò ní agbára kankan lórí físà yín. Bí ẹ bá fẹjọ́ sùn káńsù nítorí òrùlé tó ń jò, kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sí fáìlì físà yín. Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún ni ìrànlọ́wọ́ owó. Ọ̀pọ̀ físà ní kí ẹ má fọwọ́ kan owó ìjọba: ilé káńsù, owó ìrànwọ́ fún owó ilé, àti ẹ̀dínwó owó orí káńsù tí wọ́n ń fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin kan nínú owó orí káńsù tí wọ́n ń yọ fún ẹni tó ń dá gbé, àti ìdásílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún, kò sí lára ìyẹn. Ẹ gbà á, ẹ̀tọ́ yín ni.

Onílé kò gbọdọ̀ já wọlé lójijì. Ó yẹ kó fún yín ní ìkìlọ̀ wákàtí 24, àfi bí páìpù bá bẹ́ tàbí iná bá ń jó. Kò gbọdọ̀ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ yín lórí, ìwà ọ̀daràn ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, kò lè ní kí ẹ jáde láìsọ ìdí. Bó bá fẹ́ ta ilé tàbí kó fẹ́ gbé e fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́rin ni ìkìlọ̀, kò sì gbọdọ̀ lo ìdí yìí lé yín jáde láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ó lè fi owó kún owó ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù méjì lórí ìwé tí òfin là sílẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ẹ gbé e lọ sí tíríbúnà, ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ lórí owó ilé, wọn ò lè fi kún ohun tó béèrè.

Ohun tí àwa náà máa ń fi rú àdéhùn ni àlejò. Àbúrò bá dé láti Abẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́ta, mátírẹ́ẹ̀sì wà ní pálọ̀. Ẹ sọ fún onílé kó tó dé, ẹ kọ ọ́. Ó lè gbà fún oṣù kan. Ẹni tó bá máa gbé níbẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ wà nínú àgírímẹ́ǹtì, kí onílé sì wo share code tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kó jáde

Lábẹ́ òfin tuntun, oṣù méjì ni ìkìlọ̀ tí ẹ máa fún un, lórí ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó láti inú ààrò, torí epo tó gbẹ mọ́ ọn ló ń jẹ owó èèyàn wa jù lọ. Ẹ ká fídíò mìíràn ní ibi tí ẹ ti ká ti àkọ́kọ́, ẹ ya mítà, ẹ gba ẹ̀rí pé ẹ ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kápẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kì í ṣe gbèsè yín. Bí onílé bá ní òun máa yọ £400, ẹ ní kó fi rìsíìtì àti fọ́tò hàn. Bí ẹ ò bá gbà, iléeṣẹ́ tó tọ́jú dìpọ́síìtì máa ń yanjú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, onílé ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, torí owó yín ni títí ó fi lè sọ ìdí tí kò fi yẹ kó jẹ́ tiyín. Nígbà tí ẹ bá fẹnu kò lórí iye, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ló yẹ kí owó wọlé.

Bó bá jẹ́ ilé lẹ ń padà sí, ẹ má ti àkáǹtì báńkì yín pa kí dìpọ́síìtì tó wọ̀ ọ́. Gbígba owó yẹn sínú àkáǹtì Nàìjíríà ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ímeèlì tí ẹ máa kọ kó tó bọ́ sí i máa pọ̀ ju ti hítà lọ.